Àwo Nọ́ńbà Kò Jẹ́ Kí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Fẹ̀yìn Tì

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Nọ́ńbà, ló ń tọ́jú àwo nọ́ńbà ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba. Òfin wọn le: àwo kankan kò gbọdọ̀ jáde nínú yàrá náà láìjẹ́ pé wọ́n gé e sí méjì, kí olè má baà rí i lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tó jí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé e bàjẹ́, kí wọ́n tó rántí pé kí wọ́n tún un ṣe, àwo ti bò ó mọ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá.

Oṣù yìí ló yẹ kí Bàbá Nọ́ńbà fẹ̀yìn tì, wọn kò sì ní jẹ́ kó lọ àfi tí yàrá bá ṣófo. Ó tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kó díẹ̀ síta, ká lè dé ìdí ẹ̀rọ, ká tún un ṣe."

"Ṣé ẹ ti gé wọn ni?"

"Ẹ̀rọ tí a ó fi gé wọn ló wà lábẹ́ wọn, sà."

"Ẹ kọ́kọ́ gé wọn ná, Bàbá. Òfin ò mojú ẹnikẹ́ni."

Èmi àti ìyàwó rẹ̀ gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run lè rọ ọkàn ọ̀gá náà. Ọkàn rẹ̀ rọ̀ lóòótọ́. Ó fún Bàbá Nọ́ńbà ní yàrá kejì fún àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ó sì sún ìfẹ̀yìntì rẹ̀ síwájú títí yàrá méjèèjì yóò fi ṣófo.

"Ṣé ẹ̀rọ wà nínú yàrá tuntun?" ni mo bi Bàbá Nọ́ńbà.

"Wọ́n ní kó kọ́kọ́ kún ná, ìyàwó wa, kí wọ́n lè rí ìdí tí wọn yóò fi ra ẹ̀rọ."