Ìwé tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ilẹ̀kùn

Inú mi máa ń yára ru. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ mi ní Sharpstown, ní ìlú Houston, lọ́dún kan, kì í ṣe inú ríru ló fà á. Mo fara balẹ̀ kọ ọ́ ni, mo tiẹ̀ fi rúlà fa ìlà sí i lábẹ́.

Wòlíì ìjọ wa ló ríran sí mi. Àwa Aládùúrà, tí wòlíì bá ti ríran síni, a kì í bá a jiyàn. Ọjà ò tà nígbà náà, torí àwọn ilé iṣẹ́ epo ń dá àwọn èèyàn wa dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní Houston, kálukú sì ń dáná nílé ara rẹ̀. Wòlíì ní rárá o, ẹ̀mí oríṣiríṣi làwọn oníbàárà ń gbé wọlé tọ̀ mí wá. Wọ́n ní kí n wọ́n omi àdúrà yí ṣọ́ọ̀bù ká, kí n má sì jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ti Jésù jókòó níbẹ̀ mọ́. Mo wọ́n omi. Mo wá kọ ọ́ gàdàgbà lédè Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn tó gba Jésù nìkan là ń tà fún.

Ẹ wò ó, èmi tí mo kọ ọ́ yìí, mùsùlùmí ni bàbá tó bí mi. Ìyá mi tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń jí dáná sààrì fún wọn, kò sì sí ẹni tó kà á sí nǹkan bàbàrà nílé wa. Mo mọ gbogbo èyí, mo ṣì lẹ ìwé náà.

Oníbàárà mi kan wà, mùsùlùmí, ọmọ Ìbàdàn, tó kàwé ẹnjiníà. Ìyàwó rẹ̀ ṣì wà nílé ní Nàìjíríà, òun nìkan ló ń gbé àpátímẹ́ǹtì kan lẹ́yìn fíríwéè, títì márosẹ̀ tó gba àdúgbò wa kọjá. Tí oṣù ààwẹ̀ bá ti dé, ọ̀dọ̀ mi ló ti máa ń ṣínu. Oòrùn Houston kì í tètè wọ̀ lásìkò ooru, ó máa ń di nǹkan bí aago mẹ́jọ kọjá. Màá ti bó ẹ̀wà, màá ti lọ̀ ọ́, kí àkàrà lè gbóná dáadáa nígbà tó bá dé, ògì á sì wà létí iná. Kò bẹ̀ mí o. Ó kàn máa ń dùn mọ́ mi kí n máa wò ó bó ṣe ń jẹun ni. Mọ́mì ló ń pè mí.

Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀, ó dé, ó rí ìwé náà, ó dúró kà á. Ìyàwó wòlíì wà ní tábìlì iwájú, àwọn àti obìnrin ìjọ méjì, wọ́n ń jẹ ìrẹsì. Ká ní wọn ò sí níbẹ̀ ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó kí mi.

"Mọ́mì, ṣé èmi náà wà nínú àwọn tí ìwé yìí ń bá wí?"

Mo rí i tí ìyàwó wòlíì gbójú sókè. Mo ní, "Ṣé o ò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà ni? Gba Jésù, kí o wọlé wá jẹun."

Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Àkàrà rẹ̀ ṣì wà nínú epo gbígbóná.

Ní tèmi, ọmọ ni mo bá wí. Láàrin àwa Yorùbá, àgbà lè fi ọ̀rọ̀ gún ọmọ lára lónìí; tó bá dọ̀la, ọmọ á wá dọ̀bálẹ̀, àgbà á ní ó ti tán, wọ́n á jọ máa ṣeré lọ. Ohun tí mo ń retí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì mo dín àkàrà, kò wá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́tà lọ́yà rẹ̀ ló wá, pé kí n ya ìwé náà kúrò.

Bí mo ṣe kà á tán ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ṣebí wọ́n ní òmìnira ẹ̀sìn wà ní Amẹ́ríkà? Ta ni yóò wá máa sọ ẹni tí n ó bọ́ fún mi, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ń làágùn san owó ilé rẹ̀? Wòlíì ní inúnibíni ni, kí n dúró gbọn-in. Àmọ́ àbúrò kan wà nínú ìjọ tó jẹ́ lọ́yà, mo gbé lẹ́tà náà tọ̀ ọ́ lọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà kí ilé oúnjẹ lé èèyàn nítorí ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí àwọ̀ ara rẹ̀. Mo ní ẹ̀sìn tèmi náà ńkọ́?

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ lè gbàdúrà nídìí iná yín láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó máa mú yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síta pé oúnjẹ wà fún títà. Gbogbo ẹni tó ń kọjá lẹ pè yẹn."

Ó fi kún un pé òfin yẹn kan náà ni kò jẹ́ kí òyìnbó lé àwa aláwọ̀ dúdú nílé oúnjẹ tiwọn, àti pé àwọn kan nínú wọn fi Bíbélì gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lé èèyàn. Ojú tì mí gan-an ni.

Mo ya ìwé náà lọ́jọ́ yẹn, àbúrò náà sì bá mi kọ̀wé sọ fún wọn. Wòlíì bá mi yodì, kò sì dùn mí tó bí mo ṣe rò. Lọ́yà ọkùnrin náà kọ̀wé padà pé ọ̀rọ̀ ti parí, wọn ò béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ mi. Lójú òfin, ó parí. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta, ọkùnrin náà ò sì tíì fẹsẹ̀ kan ọ̀dọ̀ mi.

Mo dín àkàrà, mo rọ ògì sínú fúláàsì, mo kó wọn sínú kúlà, mo wakọ̀ lọ sí àpátímẹ́ǹtì rẹ̀. Aago mẹ́jọ ò tíì lù. Ó ṣílẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi gbọọrọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mo ṣẹ̀ ẹ́, mo ní ojú ayé ni mo ṣe lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn tó ń wò mí. Ó ní kò sí nǹkan, òun ti gbàgbé. Mo na kúlà sí i. Kò gbà á.

"Ẹ ṣé, mà," ó ní. "Mo ti jẹun."

Ètè rẹ̀ gbẹ. Oòrùn ò tíì wọ̀. Mo ní kò burú, mo gbé kúlà mi padà sínú mọ́tò.