Bàlúù Tó Gbé Oúnjẹ Fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Nínú ẹgbẹ́ bàlúù tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà ogun Jámánì, ọkọ̀ tó ń ju bọ́ǹbù náà ló ń gbé oúnjẹ. Wọ́n lè so bọ́ǹbù mọ́ ọn lónìí, kí wọ́n di àpò ìrẹsì mọ́ ibẹ̀ lọ́la. Àwọn tó ń ròyìn ogun náà fún wa a máa sọ ti bọ́ǹbù dáadáa, ó dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Ti oúnjẹ ni èmi fẹ́ sọ, nítorí òun ni mo ń dúpẹ́ rẹ̀ títí dòní.

Ṣakí ni wọ́n ti mú wa. Ajẹ́lẹ̀ ní òun ń fẹ́ aláàárù, ọba ránṣẹ́ sí àwọn baálé, baálé wa sì nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi nítorí pé ó taagun, kò sì tíì gbéyàwó. Èmi ò lè sọ pé ẹnikẹ́ni fi ipá mú mi. Ìyá kan ló bí wa, orí ẹní kan la jọ ń sùn, n kò sì rí bí mo ṣe fẹ́ jókòó sílé máa jẹ iyán kí òun máa ru ẹrù kiri níbi tí n kò mọ̀. Mo tẹ̀lé e. Ìyá wa sunkún títí, nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó dìde ó bá wa di èlùbọ́ sápò. A fẹsẹ̀ rìn gba Ìsẹ́yìn dé Ìbàdàn, a wọ rélùwéè dé Èkó, a wá wọ ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí ojú mi rí nínú ọkọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Bí a ṣe gúnlẹ̀ sí ìlà oòrùn Áfíríkà ni wọ́n pín wa. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé àwọn sójà lọ síwájú, kí èmi lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ bàlúù. Inú bí mi gidigidi. Nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni mo ṣe wá, òun náà ni wọ́n wá gbà lọ́wọ́ mi. Olórí àwa aláàárù, bàbá ahunṣọ kan láti Ìsẹ́yìn tó gbọ́ èdè òyìnbó díẹ̀, ló rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní, "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá wà ni bàlúù yìí ń lọ."

Ẹ má rò pé irú bàlúù tó ń kọjá lórí Ṣakí nísinsìnyí ni o. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe tiwa, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n wá fi ohun kan tó ń rùn kun aṣọ náà. Olórí wa a máa fọwọ́ pa ìyẹ́ rẹ̀ wò, á ní àwọn tó hun aṣọ yìí kò ṣahun òwú. Àwa là ń gé koríko pápá tó ń bà sí, àwa là ń fi orí ru agolo epo láti etí òkun wá. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ rẹ̀, àwa náà la ó dì mọ́ ìrù rẹ̀ kó má baà sá lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo yẹn, mo na gbalaja sínú ẹrẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ogun fi parí.

Ọmọdé ni awakọ̀ wa lójú tèmi, òyìnbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ibà kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè sọ̀kalẹ̀ kó kọjá lára wa láìjuwọ́ sí wa.

Nígbà tí òjò dé, odò ńlá kan kún, ó gbé afárá lọ. Òdìkejì odò ni ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn tí wọ́n jọ lọ há sí. Ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ wa ni pé gbòǹgbò igi ni wọ́n ń wú jẹ, ebi sì ti ń pa wọ́n kú. Wọ́n ní kí bàlúù wa gbé ìrẹsì lọ jù sílẹ̀ fún wọn. Ọwọ́ mi ni mo fi di àpò náà, bí mo sì ṣe ń dì í ni mo ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí i.

Awakọ̀ lọ lọ́sàn-án, ó padà ní ìrọ̀lẹ́, ìrẹsì ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀. Ó ní òun kò rí àwọn tiwa. Àwọn tí òun rí létí odò ń kírun lórí ìlà, òun sì mọ̀ pé mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn sójà dúdú tó ń jà fún Jámánì. Ọ̀gá ẹgbẹ́ bàlúù wa pàṣẹ pé ká tú ìrẹsì kúrò, ká so bọ́ǹbù mọ́ ọn, kí ó lọ jù ú lù wọ́n láàárọ̀ ọ̀la.

Olórí wa ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún wa. Mo ní, "Baba, ẹ dákun, ẹ bá mi bi í. Ibo ni wọ́n kọjú sí?"

Ní Ṣakí, ibi tí oòrùn ti ń yọ là ń kọjú sí kírun, torí ọ̀hún ni Mẹ́kà wà sí wa. Ṣùgbọ́n níbi tí a wà yìí, àríwá ni Mẹ́kà wà, ibẹ̀ sì ni gbogbo onílẹ̀ ń kọjú sí, títí kan àwọn sójà Jámánì. Nígbà tí àwa náà dé, bí a ṣe ń ṣe nílé la ṣe, títí bàbá kan tó ń ta ẹja fún wa fi rẹ́rìn-ín jókòó sílẹ̀, tó wá di èjìká wa mú, ó yí wa padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí onílùú tó máa yí àwọn ẹ̀gbọ́n mi padà nínú igbó tí wọ́n há sí.

Olórí wa ṣí fìlà, ó tọ awakọ̀ lọ. Awakọ̀ ní òun kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ó dijú, ó ronú. Ó ní oòrùn ti ń wọ̀, àti pé bí wọ́n ṣe ń forí kanlẹ̀, orí òjìji ara wọn ni wọ́n ń forí lé.

Olórí wa kígbe pé, "Wọ́n kẹ́yìn sí oòrùn! Àwọn tiwa ni!"

Ọ̀gá kò gbà. Ó ní ta ló máa torí ìrun fi bàlúù wewu? Awakọ̀ ní òun máa gbé ìrẹsì lọ láìmú bọ́ǹbù kankan, òun á fò wálẹ̀ débi tí òun á ti rí ojú wọn, bí wọ́n bá yìnbọn, ara òun ni. Kò mọ̀ mí ju aláàárù lọ. Kò rí ẹ̀gbọ́n mi rí. Ohun tí mo ń dúpẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò lè jẹ, n kò lè mu, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ariwo ẹ̀rọ náà. Kò sí àpò lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Kí awakọ̀ tó sọ̀kalẹ̀ rárá ló ti ń juwọ́. Ó ní wọ́n ń jó, pé ẹnì kan tilẹ̀ bọ́ aṣọ, ó ń fì í lókè. Ó ń lọ ó ń bọ̀ títí omi fi fà.

Nígbà tí wọ́n sọdá wá, ohùn ni mo fi dá ẹ̀gbọ́n mi mọ̀. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo di àpò yẹn? O ò mọ àpò dì. Gbogbo ìrẹsì ló fọ́n sínú koríko, à ń ṣà á bí adìyẹ." Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Mo sọ fún un pé wọn ò kọjú síbi tó yẹ nígbà tí wọ́n ń kírun. Ó ní Ọlọ́run gbà á bẹ́ẹ̀.

Kí ogun tó parí, bàlúù awakọ̀ wa já lulẹ̀ nínú òjò. Àwa la gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí, ẹ̀gbọ́n mi sì wà nínú àwọn tó gbé pósí rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Ṣakí, ìyá wa fọwọ́ pa ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbà pé àwa ni. A sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó béèrè pé, "Ọmọ tó wa bàlúù yẹn, ṣé òun náà ti délé?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Rárá, Ìyá. Ó kú sọ́hùn-ún."

"Ẹ ti lọ kí ìyá rẹ̀?"

A wo ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìlú wọn jìnnà, pé a ò tilẹ̀ mọ ìyá náà. Ìyá wa tẹ́ ẹní síwájú ilé, ó jókòó. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé, tí wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ kú oríire o!", ó na ọwọ́ sókè, ó dá wọn dúró.

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ kọ́kọ́ bá mi kí ìyá kan ná. Ọmọ rẹ̀ gbé oúnjẹ fún tèmi, tirẹ̀ ni kò délé."

Bí wọ́n ṣe ń dé ni wọ́n ń kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, tí wọ́n ń wí pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ìyá mi sì ń bá obìnrin tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí dáhùn, kó tó gbà kí wọ́n bá òun yọ̀.