Ohùn Ajarat Nínú Spíkà

Bí ẹ bá ń wá ìkà èèyàn, ẹ wá sọ́dọ̀ àwa aláta ní Mile 12.

Ajarat ń ta tàtàsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Torí pé ohùn rẹ̀ dùn, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní kó wá ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fáwọn ọmọbìnrin, kí wọ́n lè gbà á sílẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé e sí spíkà ọjà. Ó kà á: "Ọmọ ogún ọdún ni mí. Àtọ̀sí mú mi, ojú sì ń tì mí láti sọ. Mo lọ ṣàyẹ̀wò, wọ́n fún mi lóògùn, ara mi ti yá." Ìparí ló ti dárúkọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ń pè é ní Ajarat Alátọ̀sí. Mo pariwo pé, "Ṣé orí yín ò pé ni? Wọ́n kọ ọ́ fún un ni!" Wọ́n ní ta ló ń fi àtọ̀sí ṣeré? Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan tàtàsé rẹ̀ mọ́. Ìyá Roqeeb, àfẹ́sọ́nà Ajarat, tó fẹ́ di ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, dúró níwájú ìsọ̀ wa, ó ní ilé àwọn ò gba ìdọ̀tí. Ó ní kí wọ́n pa spíkà yẹn. Wọ́n pa á.

Lóṣù tó kọjá, ìyá yìí kan náà yọ́ wá, ó fi ìborùn bojú. "Ajarat, jọ̀ọ́, ilé ìwòsàn wo lo lọ? Roqeeb ò lè tọ̀, ó ń ké."

Ajarat ò gbójú sókè. "Mummy, ìparí ni mo ti dárúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n pa spíkà."