Iye Ìgbà Tí Bàbá Mi Ṣubú

Ní àwọn ọdún tí owó epo ń tàn lójú gbogbo ènìyàn, ìsọ̀ oúnjẹ màmá mi ní Ore ni mo wà. Lọ́sàn-án ọyẹ́, èéfín igi àti eruku gẹdú á dàpọ̀, títí ọkọ̀ tó ń kọjá lọ sí Bìní á fi dà bí ohun tí ènìyàn ń wò lábẹ́ omi. N kò kàwé kọjá kíláàsì mẹ́rin, ojú sì máa ń tì mí láti bi oníbàárà pé ẹran mélòó ló fẹ́.

Lọ́jọ́ kan, àwọn àgbà ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Òdìgbò wá jẹun. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ yàn án kí wọ́n tó dìde. Wọ́n dárúkọ bàbá mi, tó gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìlagẹdú kí orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́. Láti ìgbà náà, ńṣe ló ń jókòó lẹ́yìnkùlé ilé wa, lẹ́yìn ìsọ̀, kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọn kò mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ló ń bu ọbẹ̀ fún wọn.

“Góòlù mélòó ló gbá wọlé gan-an?” ni awakọ̀ apárí kan nínú wọn wí. “Kò kún ìka ọwọ́ mi! Ṣé adìẹ tí kò yé la ó fún ní òròmọ tọ́?”

“Ìwọ ńkọ́?” ni bàbá arúgbó kan dá a lóhùn. “Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lo máa ń gbá tìrẹ sí!”

“Góòlù ni ká kà, bàbá. Ẹ fi òrùlé sílẹ̀.”

Ṣíbí ọbẹ̀ dúró lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, màmá mi kì í lọ sí pápá tí bàbá mi ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ilé àdúrà ló máa ń wà, tí yóò máa bẹ Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ẹkùrọ́ ló máa ń kó fún mi. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá gbé bàbá mi ṣubú, kí n sọ ọ̀kan sápò. Iye tí mo bá gbé délé ló fi ń mọ bí omi gbígbóná àti òrí tí yóò fi ra á lẹ́sẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. N kò ka góòlù rí. Bó ṣe ń rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ni mo mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í lè gbà á láìgbé e ṣubú. Fèrè rẹfirí, àti eruku tó ń rọra dìde yí i ká.

“Ẹ má bínú, sà,” ni mo wí. “Ẹ kò ka ìgbà tó ṣubú. Ìyẹn ló ń kún àpò mi. Bó bá ti ṣubú níwájú àwọ̀n, àwọn yòókù á gbá pẹ́náritì.”

“Ọlọ́bẹ̀, ta ló bi ọ́? Ìṣubú ti di góòlù?” ni apárí náà wí.

Bàbá arúgbó náà gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀. “Nígbà tí mo ṣì lágbára, èmi ni mo ṣọ́lé lọ́jọ́ tí a pàdé ilé ìlagẹdú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣubú níwájú mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbá pẹ́náritì wọlé. Òun kọ́ ló gbá ọ̀kankan. Àṣé àwọn tó gbá a ni mo ti ń bínú sí láti ọjọ́ yìí, nígbà tó jẹ́ pé òun ló dá a sílẹ̀!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ́. Apárí náà nu ẹnu rẹ̀. “Ó dáa, ká mú un. Ta ló mọ ilé rẹ̀?”

“Ilé wa ni, sà.”

“Háà! Bàbá rẹ ni mo pè ní adìẹ?”

Mo ti sáré gba ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ. Mo sọ fún bàbá mi pé àwọn ará Òdìgbò fẹ́ kó wá kọ́ àwọn ọmọ wọn ní bọ́ọ̀lù. Kò bèèrè ohun tí wọ́n sọ nípa òun. Ó ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.