Ojú Tuntun Mọ́tò Bàbá

Àkísà kì í kúrò léjìká àbúrò bàbá mi, tá a ń pè ní Bàbá, tó ń fi mọ́tò gbérò ní Kàbà. Láràárọ̀ ni wọ́n fi ń nu iwájú mọ́tò wọn, wọ́n á sì kí i: "Okun o! Ojú la fi ń mọ ẹni."

Àwọn ọmọ wọn wá fi iná àti bọ́ńpà ìgbàlódé pààrọ̀ iwájú rẹ̀. Lójú tèmi, ó rẹwà. Bàbá yanu, wọn ò kí i.

Nígbà tí èmi àti Bàbá gbé e dé Iyah-Gbede, ìyàwó wọn ń retí wọn létí títì. A dúró níwájú màmá. Háà! Màmá ò tiẹ̀ wo inú mọ́tò, wọ́n kàn juwọ́: "Ẹ máa lọ, baálé mi ń bọ̀."

Bàbá fa àkísà léjìká, wọ́n fi nu ojú ara wọn.