Ọjọ́ Tí Jẹ́láàní Ná Ràúfátù

Láti Banigbé títí dé Ìfọ̀nyìn, Jẹ́láàní kò bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó ń rọra rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ó ń retí kí Ràúfátù pè é padà. Àwọn onízẹ́mì ń dúró fún un, ó ń juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ: ariwo alùpùpù kò ní í jẹ́ kí òun gbọ́ ìpè. Ó délé nírọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni kò pè é.

Bó ṣe ń rajà nìyẹn. Epo pupa ló ń rà kiri abúlé. Bó bá rí epo tó dára, á kọ́kọ́ bú u: epo yìí ṣàn jù, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Lẹ́yìn náà á yíjú, á máa lọ. Kó tó gbẹ́sẹ̀ kẹta, olóhun á ké pé, "Ẹ padà wá gbà á!" Ó tilẹ̀ ná abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn rí. Nọ́ọ̀sì ò pè é padà. Ibà ló pè é.

Lọ́jọ́ tó lọ bá Ràúfátù ní Banigbé, ó bá a níbi tó ti ń yan gààrí, ìyá rẹ̀ Hàsíátù jókòó tì í. Jẹ́láàní húkọ́.

"Ràúfátù, o ti ń dàgbà. Ẹnu rẹ mú. Èéfín ti mu aṣọ rẹ. Ilé yín jìnnà sí títì. Síbẹ̀, mo máa fẹ́ ọ."

Hàsíátù fọwọ́ bo ẹnu. Ràúfátù ò dáwọ́ gààrí dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ọjà ò bá dáa, ṣé dandan ni kẹ́ ẹ rà á?"

"Mo ní mo máa gbà á bẹ́ẹ̀!"

"Èmi ò tà."

Ni Jẹ́láàní bá dìde, ó yíjú, ó ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ọjà Ìfọ̀nyìn ti gbọ́. Fúnláyọ̀, tó ń ta kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Jẹ́láàní, fẹ́ tù ú nínú.

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Agbéraga ni."

"Fúnláyọ̀, panu mọ́. Òun ló jàre. Kò sí òótọ́ kan nínú gbogbo ohun tí mo sọ sí i." Ó ronú díẹ̀. "Àfi ti ẹnu."

Ọ̀rọ̀ náà dé Banigbé kí oòrùn tó kan àtàrí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Jẹ́láàní fúnra rẹ̀ dé. Kò jókòó. Ọkùnrin yìí ò yin nǹkan kan rí láyé rẹ̀.

"Gààrí rẹ funfun," ó ní. "Ó… ó kúnná." Òógùn bò ó. "Ìwọ náà dára. Voilà, mo ti sọ ọ́."

"Ẹ jókòó," ni Ràúfátù wí, "kẹ́ ẹ má bàa ṣubú."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi gbé pọ̀ kí Jẹ́láàní tó kú lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Àwọn tó wá kí opó ń rántí rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rín in.

"Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo wò ó títí ó fi pòórá ní kọ́nà," ó ní. "Ó kù díẹ̀ kí n ké pè é. Mo ní bí mo bá ké, títí láé ni yóò máa bú mi kó tó fẹ́ràn mi. Mi ò sùn. Ìgbà tí mo gbọ́ ohun tó sọ fún Fúnláyọ̀, ọkàn mi balẹ̀."

Ó fi etí ìborùn nujú.

"Àyà mi ò já nítorí rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà."