Ojú Ṣéènì Mẹ́rin

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara da bí mo ṣe kọ ọ́. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo lọ, n kò sì parí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wá ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Aláàárù ni bàbá mi ní ọjà Shasha kí àìsàn tó dé. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tóbi débi pé nígbà tó ra aago onírin rẹ̀, bó ṣe rà á ló ṣe lò ó, kò yọ ojú ṣéènì kankan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa ní Baruwa, òun ló ń lu agogo àdúrà, aago yẹn ló sì máa ń wò kó tó lù ú. Ní báyìí, ẹlòmíràn ló ń lù ú, ṣùgbọ́n tó bá ti ń di aago mẹ́fà, bàbá mi á ṣì gbé ọwọ́ sókè láti wò ó. Aago á ti yọ̀ dé ìgúnpá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó jábọ́ sínú ògì tí mo ń fún un mu. Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò rẹ́rìn-ín.

Ó ti rẹ̀ mí nígbà yẹn. Mo ń gbálẹ̀ ilé-ìwé kan ní Akowonjo, mo ń padà wá wẹ̀ fún un, mo ń fọ aṣọ, mo ń fọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo rò pé tí wọ́n bá dín ṣéènì aago náà kù, nǹkan kan á dín nínú wàhálà wa. Nígbà tó sùn lọ́sàn-án, mo bọ́ aago, mo fi òwú funfun wọn ọrùn ọwọ́ rẹ̀. N kò jí i. Oorun ṣọ̀wọ́n fún un.

Atúnaagoṣe tí mo gbé e lọ bá ní Akowonjo wo òwú náà, ó wò mí.

“Ẹni tó ni ọwọ́ dà?”

“Wọ́n wà nílé, sà.”

“Òwú ló wá máa so aago ni?”

Obìnrin kan tó wá pààrọ̀ bátìrì bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ bá a ṣe é jàre! Àbí ẹ fẹ́ kó gé ọwọ́ olọ́wọ́ wá ni?”

Mo ń wo ẹsẹ̀ mi.

Ọ̀gá náà dojú ṣéènì dé, ó fi ọfà kéékèèké hàn mí nínú rẹ̀. Ibi tí ọfà bá kọjú sí ni píìnì ń gbà jáde. Ó yọ ojú méjì lápá kan, méjì lápá kejì, kí ibi tí ṣéènì ti ń padé má baà wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́.

“Mẹ́rin ló jáde. Ṣé wàá kó wọn lọ?”

“Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe, yẹtí?” Obìnrin yẹn náà ni.

Mo mi orí pé rárá. Ó dà wọ́n sínú agolo mílíìkì kan tí irú wọn kún inú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi wọ aago. Ó gbọn ọwọ́, aago kò yẹ̀. Mo ń retí kí ó ṣàdúrà fún mi.

“Ojú mélòó ni wọ́n yọ?”

“Mẹ́rin, sà.”

“Wọ́n dà?”

“Mo fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó tún un ṣe.”

Ó fi ìka kan yí aago náà. “Tí mo bá tún sanra ńkọ́? Àbí o ti mọ̀ pé mi ò ní sanra mọ́ ni, màmá mi?”

“Rárá o, bàámi.” Ṣùgbọ́n ohùn mi kéré, èmi fúnra mi gbọ́ bó ṣe kéré. Ó kọjú sí ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì atúnaagoṣe títí ó fi dé. Mo ní mo wá kó ojú ṣéènì wa.

“O ò ṣe sọ̀rọ̀ lánàá?” ó ní, ó sì da agolo náà sórí aṣọ. Mo mọ tiwa. Irin ọkọ̀ iṣu tí bàbá mi máa ń já ẹrù rẹ̀ ti ha wọ́n lára, fún ọdún púpọ̀. Mo ṣà wọ́n títí wọ́n fi pé mẹ́rin.

Bàbá mi ṣì ń sùn nígbà tí mo délé. Mo ki òwú àná bọ ihò píìnì wọn, mo so wọ́n mọ́ ìṣó tí sùtánà rẹ̀, aṣọ funfun tó ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wà, níbi tí ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bọ́ sí tó bá jí. Lẹ́yìn náà ni mo mú ìgbálẹ̀ mi, mo lọ síbi iṣẹ́.